Ọmọ iṣẹ́ tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ìwúrí tó sì kó sísọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ sílé: àkọsílẹ̀ ẹjọ́ kan ní Àkúrẹ́

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀ ní àdúgbò Arákalẹ̀ ní Àkúrẹ́ dé ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Kò gbálẹ̀, kò fọwọ́ kan màṣíìnì. Ó kúnlẹ̀ kí ọ̀gá rẹ̀, ó ní òun wá dúpẹ́ ni, òun ò ní máa wá mọ́. Ó kó sísọ́ọ̀sì rẹ̀, tẹ́pù rẹ̀ àti ìwé ìwọ̀n rẹ̀ sínú báàgì, ó bá tirẹ̀ lọ. Oṣù méje péré ló kù kó pé ọdún mẹ́ta tí wọ́n jọ ṣàdéhùn. Kó tó di ọ̀sán, ọ̀gá rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà mi.

Ọ̀dọ̀ mi ló wá nítorí pé èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí òun àti ọ̀pọ̀ oníṣọ́ọ̀bù àdúgbò yẹn ń dáwó sí. Kí n tó fẹ̀yìn tì, gáídáǹsì káńsẹ́lọ̀, olùkọ́ tó ń gba àwọn ọmọ nímọ̀ràn, ni mí nílé ìwé girama, nítorí náà bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti ọmọ àti òbí, tàbí ti ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́, "Ẹ jẹ́ ká lọ bá Tíṣà" ni wọ́n máa ń wí. Mo gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tọ́rọ̀ kàn kí n tó kọ èyí sílẹ̀, wọ́n sì ní kí n má dárúkọ ẹnì kankan. Màá pe ọ̀gá ní Àǹtí, bí tọmọdé tàgbà àdúgbò ṣe ń pè é. Ọmọ iṣẹ́ á máa jẹ́ ọmọ iṣẹ́.

Ẹ̀sùn tí Àǹtí mú wá ò ju gbólóhùn kan lọ. "Tíṣà, wọ́n ti ba ọmọ yìí jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́." Mo ní ta ló bà á jẹ́. Ó ní ọkùnrin kan tó wá sọ̀rọ̀ fáwọn ọ̀dọ́ ní gbọ̀ngàn kan ní Alágbàká, ní Àkúrẹ́ níbí, lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ni, ọ̀kan lára àwọn asọ̀rọ̀ ìwúrí tí wọ́n ń pè ní mótífẹ́ṣọ́nà spíkà. Bó ṣe sọ ọ́, ó dà bíi pé ẹni náà ju nǹkan sọ́mọ náà lára.

Ẹni tó bá fẹ́ lóye ẹjọ́ yìí gbọ́dọ̀ mọ bí iṣẹ́ télọ̀ ṣe rí nílùú wa. Láti ọdún 1976 tí Àkúrẹ́ ti di olú ìlú ìpínlẹ̀ Oǹdó ni òṣìṣẹ́ ìjọba ti kún ibẹ̀ fọ́fọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba kì í sì í jókòó sílé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìkómọjáde, ìfẹ̀yìntì: gbogbo rẹ̀ ló ní aṣọ ẹbí tirẹ̀, gbogbo aṣọ ẹbí náà ló sì gbọ́dọ̀ jáde lọ́wọ́ télọ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta tó mọ́. Àǹtí ní màṣíìnì mẹ́ta àti wíìfìn kan tí wọ́n fi ń rán etí aṣọ kó má bàa tú, ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin, àti jẹnẹrétọ̀ kékeré kan tó ń pariwo ju iṣẹ́ tó ń ṣe lọ. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù Karùn-ún 2023, tí epo bẹ́ńtíróòlù fò láti nǹkan bí ₦200 kọjá ₦500 lẹ́ẹ̀kan náà, owó epo jẹnẹ yẹn ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú èrè rẹ̀.

Ọmọ iṣẹ́ télọ̀ kì í kọ́kọ́ jókòó sídìí màṣíìnì. Ọdún àkọ́kọ́, yóò gbálẹ̀, yóò pọnmi, yóò gbé ọmọ ọ̀gá pọ̀n, yóò lọ ra bọ́tìnì àti síìpù ní Ọjà Ọba, wọn á ní kó padà lọ torí àwọ̀ ò bára mu. Ọdún kejì, wọn á máa fún un ní láínì rán, wọn á ní kó tú u, kó tún un rán. Ọdún kẹta lọwọ́ rẹ̀ tó dá. Ọdún kẹta yẹn náà sì ni ọ̀gá ń jẹ èrè ohun tó ti kọ́ ọ láti ẹ̀yìn wá, torí ọmọ náà á máa rán odindi bùbá àti ìró láàárín wákàtí díẹ̀, kò sì ní gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀ títí tó máa fi gba fíríìdọ̀mù. Mi ò rí àìdáa kankan nínú ètò yìí. Àwọn bàbá wa ló bá a bọ̀. Àmọ́ ẹni tó bá ní ọmọ iṣẹ́ ò gbọdọ̀ máa kùn ní ọdún kẹta, ṣé ẹ rí i, torí ọdún kẹta ni wọ́n máa ń sá lọ.

Mo ránṣẹ́ pe ọmọ náà lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó wá, ó kúnlẹ̀, kò bínú, kò sì sunkún. Ọmọ ogún ọdún ni, ohùn rẹ̀ rọ̀. Ó ti gba ohùn ìpàdé ọ̀hún sílẹ̀ sórí fóònù rẹ̀, ó sì jẹ́ kí n gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó lé díẹ̀ ní wákàtí kan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ọkùnrin yẹn mọ̀rọ̀ọ́ sọ. Ohùn rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀, ó mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́. Ó sọ bó ṣe sun inú gáréèjì mọ́tò, bó ṣe fi gààrí lásán gbé ọ̀sẹ̀ kan, bó ṣe di ẹni tó ń wọkọ̀ òfúrufú lọ sọ̀rọ̀ káàkiri. Ó ní kí gbogbo wọn dìde. "Sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ: ọdún mi nìyí!" Gbọ̀ngàn hó yèè. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ̀rọ̀ tó dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀: "Bó o bá ń fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ bá ẹlòmíràn kọ́lé, ìgbà wo lo fẹ́ fi ìpìlẹ̀ tìrẹ lélẹ̀?" Ariwo ibẹ̀ pọ̀ débi tí mo fi ní láti dín ohùn fóònù kù.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà lápá ìparí ohùn náà tó jẹ́ pé èèyàn lè máà gbọ́ ọ. Ẹ̀ẹ́ máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ́ àga, bí àwọn kan ṣe ń sọ̀rọ̀ pé àwọn ò ní rí mọ́tò mọ́. Ọkùnrin náà ní kí wọ́n mú báírò. Ó ní kí kálukú kọ orúkọ èèyàn mẹ́wàá tí yóò sanwó fún ohun tí ọwọ́ rẹ̀ lè ṣe báyìí, kó kọ ọjọ́ tí yóò jíṣẹ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan síwájú orúkọ rẹ̀, kó sì rí i pé ọjọ́ yẹn ò yẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹnu òṣìṣẹ́ ni owó ìbẹ̀rẹ̀ òwò rẹ̀. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ níbẹ̀.

Ọmọ iṣẹ́ yìí ti kọ gbogbo ọ̀rọ̀ ọ̀hún sínú ìwé ìwọ̀n rẹ̀, láàárín ìwọ̀n ìgbáàyà ẹnì kan àti gígùn apá ẹlòmíràn. Ojú ewé méjì kún fún "ọdún mi nìyí" àti ìpìlẹ̀ àti ilé. Ojú ewé kẹta ló fà ìlà sí láti 1 dé 10, ó sì kọ orúkọ mẹ́wàá síbẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló ṣe ìkíní. Ìkeje jẹ́ ọmọ ilé ìwé rẹ̀ àtijọ́ kan. Mẹ́jọ yòókù, mo mọ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn: ìyàwó pásítọ̀, nọ́ọ̀sì kan, ìyá tó ń ta ẹja tútù, àwọn òṣìṣẹ́ sẹkitéríàtì. Oníbàárà Àǹtí ni gbogbo wọn.

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ la jókòó sí ẹjọ́ náà níwájú ilé mi. Bàbá ọmọ gun ọ̀kadà wá láti oko rẹ̀ lọ́nà Ìdànrè. Kòkó ni bàbá yìí ń ṣe, ẹ sì mọ ohun tí ọdún 2024 jẹ́ fún oníkòkó. Nínú oṣù Kẹta ọdún yẹn ni iye tí wọ́n ń ta tọ́ọ̀nù kòkó kan lọ́jà àgbáyé kọjá $10,000 fún ìgbà àkọ́kọ́, ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí ló sì ń ṣe kòkó jù ní Nàìjíríà. Owó wà lápò bàbá. Ó jókòó, ó na ẹsẹ̀, ó ní: "Tíṣà, ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Bí ọmọ bá ti mọṣẹ́, kí ló tún ń ṣe lábẹ́ ẹni? Màá ra màṣíìnì fún un, màá gba ṣọ́ọ̀bù. Kí Àǹtí sọ iye tó bá fẹ́ gbà fún oṣù méje tó kù."

Ibẹ̀ ni Àǹtí ti tú báàgì tó gbé wá. Aṣọ ẹbí mẹ́rìnlá ló kó jáde, ánkárá aláwọ̀ ewé kan náà, wọn ò tíì gé ìkankan. Ó ní ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn ló yẹ kí wọ́n wọ̀ ọ́. Ó ní ṣé ọmọ tó bá fẹ́ràn ọ̀gá rẹ̀ lè fi í sílẹ̀ sáàárín aṣọ mẹ́rìnlá. Lẹ́yìn náà ló mú ìwé ìwọ̀n ọmọ yẹn, ó ṣí ojú ewé kẹta, ó ka orúkọ mẹ́wàá náà sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bàbá ọmọ ká ẹsẹ̀ kò.

Mo yíjú sí ọmọ náà, mo ní kó fèsì. Ohun tó sọ ni mi ò retí, kò sì jọ pé ọ̀gá rẹ̀ náà retí rẹ̀. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Tẹ́ni tó ni aṣọ yìí bá pè, èmi lẹ máa ń ní kí n gbé fóònù. Ẹ ní kí n sọ pé ó ku bọ́tìnì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti sọ fún wọn pé ó ku bọ́tìnì, a ò tíì gé e. Bí wọ́n bá wá ń ṣépè, orí mi ni wọ́n ń ṣé e lé." Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ọkùnrin yẹn ní ọ̀rọ̀ ẹnu òṣìṣẹ́ ni owó rẹ̀. Mo rò ó pé èmi, mo ti ná tèmi tán kí n tó gba fíríìdọ̀mù."

Kò sí télọ̀ tí ọ̀rọ̀ bọ́tìnì yẹn ò bá nílé. Àǹtí fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò lè rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ro ohun tí ọ̀rọ̀ ìwúrí ṣe fún ọmọ yìí. Ọ̀pọ̀ àgbà ló gbà pé ariwo lásán ni àwọn asọ̀rọ̀ yìí ń pa, pé wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí kò ní. Àwọn ọ̀dọ́ ní tiwọn gbà pé ẹni tí kò bá gbọ́ wọn ò lè jẹ nǹkan kan láyé. Èmi ò bá ìkankan lọ. Ọmọ yìí ti kórìíra irọ́ bọ́tìnì yẹn tipẹ́, kò kàn ní gbólóhùn tó fi máa sọ ọ́ ni, àgàgà níwájú ẹni tó ń kọ́ ọ níṣẹ́. Ọkùnrin yẹn fún un ní gbólóhùn kan. Àǹfààní ńlá nìyẹn. Ọkùnrin kan náà ló sì tún fún un ní ìpìlẹ̀ àti ilé, tó mú kó rò pé ọ̀nà kan ṣoṣo tóun fi lè yọ nínú irọ́ náà ni kóun kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù, kóun sì kó oníbàárà ẹni ẹlẹ́ni dání.

Ìwádìí méjì kan wà tó máa ń wá sí mi lọ́kàn lórí irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ọ̀kan wá láti Jámánì. Gabriele Oettingen, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, àti ẹnì kejì rẹ̀ tẹ̀ lé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ní yunifásítì tí wọ́n ń wáṣẹ́, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2002. Lẹ́yìn ọdún méjì, àwọn tó máa ń jókòó ya àwòrán iṣẹ́ aládùn sọ́kàn jù lọ ni wọ́n kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ kéré jù, àwọn náà ni iṣẹ́ tí wọ́n rí kéré jù, tí owó oṣù wọn sì kéré jù. Àwọn tó gbà lóòótọ́ pé ọwọ́ àwọn lè tẹ nǹkan, tí wọ́n ní ìdí tí wọ́n fi gbà bẹ́ẹ̀, ló ṣe dáadáa. Àlá tó bá dùn jù máa ń tẹ́ni lọ́rùn bíi pé ó ti ṣẹ, ara á wá rọ̀.

Ìkejì sún mọ́ wa, Lomé ní Tógò ni. Wọ́n kó oníṣòwò kéékèèké 1,500, wọ́n pín wọn sọ́nà mẹ́ta. Wọ́n kọ́ apá kan ní ìṣirò owó, ìpolówó ọjà àti bí wọ́n ṣe ń ṣàkóso òwò, bí wọ́n ṣe máa ń kọ́ni níbi gbogbo. Wọ́n kọ́ apá kejì ní ìwà: bí èèyàn ṣe ń dá nǹkan bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n rán an, bó ṣe ń wá àyè tí ẹlòmíràn ò rí, bó ṣe ń ro ohun tó lè dí i lọ́wọ́ sílẹ̀ kó tó dé. Wọn ò kọ́ apá kẹta ní nǹkan kan. Èsì jáde nínú Science, ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ní 2017. Láàárín ohun tó lé ní ọdún méjì, èrè àwọn tí wọ́n kọ́ ní ìwà fi ìpín 30 nínú 100 lé sí i ju ti àwọn tí wọn ò kọ́ lọ. Ti àwọn tí wọ́n kọ́ ní ìṣirò fi 11 lé, àwọn olùwádìí fúnra wọn sì sọ pé èyí kéré débi tó fi lè jẹ́ pé ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni. Àwọn tó bá kà á máa ń kígbe mọ́ 30 yẹn, wọ́n á ní ẹ ò rí i, ọkàn ló ṣe kókó. Èmi ń wo ohun mìíràn níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n fi kọ́ wọn, olùkọ́ sì ń lọ bá wọn nínú ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn náà, lóṣooṣù fún oṣù mẹ́rin. Wákàtí kan ní Alágbàká ni tiwa, lẹ́yìn rẹ̀, ó dàbọ̀.

Nítorí náà mo gba nọ́ńbà ọkùnrin náà lára pósítà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, mo pè é. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní, "Sà, mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni já iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀ jù sílẹ̀." Mo ní mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀, lóòótọ́ kò sọ ọ́, kò sì sọ pé kí wọ́n dúró. Ó dákẹ́ pẹ́ títí tí mo fi rò pé káàdì mi ti tán. Ó wá ní òun á wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, òun ò sì ní gba nǹkan kan.

Ó wá lóòótọ́. Kò wọ kóòtù, ánkárá lásán ló wọ̀, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ iṣẹ́ láàárín ègé aṣọ. Àwọn aṣọ ẹbí mẹ́rìnlá yẹn ti lọ. Ọmọ iṣẹ́ ti padà wá ní Ọjọ́bọ̀ alẹ́ yẹn gan-an láti bá wọn rán an, torí mo ní ẹjọ́ lè dúró, òkú tí wọ́n fẹ́ sin ò lè dúró. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ ni Àǹtí bi í pé iṣẹ́ wo lòun alára kọ́. Ó ní fọ́tò ni. Ó ní ìlú Oǹdó lòun ti kọ́ ọ, ọdún mẹ́rin gbáko lòun fi gbé báàgì kámẹ́rà ọ̀gá òun, tí òun ń fọ fíìmù nínú yàrá tó ṣókùnkùn biribiri, tí òun ń gbé aṣọ yíyá káàkiri fáwọn tó fẹ́ ya fọ́tò ọdún.

Àǹtí wò ó. "Ẹ wá sun gáréèjì, ẹ mu gààrí, ẹ sọ gbogbo ìyẹn fún wọn. Kí ló dé tẹ́ ò sọ ọdún mẹ́rin yẹn?"

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú tì í díẹ̀. "Àǹtí, tí mo bá sọ pé mo gbé báàgì fún ọdún mẹ́rin, wọn ò ní pàtẹ́wọ́."

Ìdáhùn yẹn ni mo fi ń mọ asọ̀rọ̀ ìwúrí yàtọ̀ síra báyìí. Bí mo bá ń gbọ́ ọ̀kan, mo máa ń dúró de ibi tó máa sọ pé ẹnì kan kọ́ òun níṣẹ́, kó dárúkọ ọ̀gá, kó sọ iye ọdún. Ẹni tó bá fò láti gáréèjì bọ́ sínú ọkọ̀ òfúrufú, tí kò sí ọ̀gá kankan láàárín, ti fi apá tí olùgbọ́ rẹ̀ wà pamọ́ fún un. Torí ọmọ ogún ọdún tó jókòó níwájú rẹ̀ ò sí ní gáréèjì, kò sì sí nínú ọkọ̀ òfúrufú. Ibi gbígbé báàgì ló wà.

Àdéhùn tí a wá kọ lọ́jọ́ náà gba ojú ìwé kan, èmi ni mo kọ ọ́, gbogbo wa fọwọ́ sí i. Ọmọ iṣẹ́ á parí oṣù méje tó kù. Yóò fa igi lé orúkọ mẹ́jọ tó jẹ́ oníbàárà ọ̀gá rẹ̀, yóò wá orúkọ mẹ́jọ mìíràn tí kò tíì gbé aṣọ wọ ṣọ́ọ̀bù yẹn rí. Láti aago mẹ́rin ọ̀sán ní gbogbo Ọjọ́rú, yóò máa lo màṣíìnì fún iṣẹ́ tirẹ̀, yóò dá sí owó epo, owó iṣẹ́ náà á sì jẹ́ tirẹ̀. Àǹtí kọ́kọ́ kọ èyí. Ó ní bí òun bá gbà fún ọ̀kan, mẹ́ta yòókù ń kọ́? A fi sí i pé ọmọ ọdún kẹta nìkan ni. Bàbá ní tirẹ̀ kò ní ra màṣíìnì kankan títí dìgbà fíríìdọ̀mù. Mo ní kó fi owó kòkó rẹ̀ sí ibi tó dáa, ó wò mí bíi pé ibo ni mo mọ̀.

Èyí tó le jù ni ti irọ́. Asọ̀rọ̀ ni ó dá a lábàá, mo gbà pé àbá ọlọ́gbọ́n ni. Ìwé ńlá kan ni kí wọ́n so mọ́ ẹ̀gbẹ́ dígí, kí oníbàárà fúnra rẹ̀ máa rí i: orúkọ, ọjọ́ tó gbé aṣọ wá, ọjọ́ tí yóò gbà á, lẹ́yìn náà àyè fún "a ti gé e", "a ti rán an", "a ti wíìfù ẹ̀", "ó ku bọ́tìnì". Ẹni tó bá ṣe é ló máa fọwọ́ sí i. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ sọ lórí fóònù ohun tí kò sí nínú ìwé. Àǹtí ní oníbàárà á máa wá yọjú sí ìwé òun. A ní ìdí tí a fi so ó mọ́ ibẹ̀ nìyẹn.

Inú ìwé yẹn ni mo ti rí àwọn iye tí mo fẹ́ sọ yìí. Ní oṣù Kẹfà, aṣọ 31 ló wọlé, mẹ́sàn-án kọjá ọjọ́ tí wọ́n dá. Ní oṣù Kẹjọ, ó burú sí i, torí ọmọ iṣẹ́ kan ṣàìsàn, jẹnẹ sì bàjẹ́. Mẹ́tàlá ló kọjá ọjọ́. Àmọ́ Àǹtí ń pe àwọn tó ni ín kí ọjọ́ tó pé, nǹkan tí kò ṣe rí láyé. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá, aṣọ 44 ló wọlé, mẹ́rin péré ló pẹ́. Ó tún ti ń kọ iṣẹ́. Ìyẹn ló yà mí lẹ́nu jù. Ó wo ìwé, ó rí i pé ọ̀sẹ̀ kan ti kún, ó sì wo ojú obìnrin tó gbé léèsì dání, ó ní, "Ẹ má bínú mà, kò ní bọ́ sí i." Tẹ́lẹ̀, yóò gba owó ìdájì, yóò wá máa sápamọ́. Nínú ìwé ẹgbẹ́ wa, ₦5,000 tó ń dá lọ́sẹ̀ tó máa ń fò láwọn ọ̀sẹ̀ kan tẹ́lẹ̀ kò fò mọ́ láti oṣù Kẹsàn-án.

Ọmọ iṣẹ́ wá orúkọ mẹ́jọ rẹ̀. Ìkeje tí kò fa igi lé ló ràn án lọ́wọ́, ọmọ ilé ìwé rẹ̀ àtijọ́ tó ti di akẹ́kọ̀ọ́ ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1981. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ra ọ̀kírikà, ọ̀kírikà kì í sì í báni mu. Àǹtí kì í gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ní ẹni tó ń rán léèsì kì í tú ìdí ṣòkòtò. Ọmọ yìí ń lọ kó o wá láti ẹnu géètì yunifásítì lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ń dín in, ó ń gé e kúrú, ó ń pààrọ̀ síìpù ní Ọjọ́rú, ó ń dá a padà ní Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ tó bá dá ò yẹ̀. Ó ti ní káàdì lọ́dọ̀ wa. Ó ń dá ₦1,500 lọ́sẹ̀, nígbà mìíràn ₦500, gbogbo rẹ̀ sì ti lé ní ₦31,000 nígbà tí oṣù Kọkànlá fi ń parí. Kò tíì tó ra màṣíìnì. Ó ṣì máa ń pẹ́ dé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ìyẹn kò yí padà, Àǹtí sì ti fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run.

Asọ̀rọ̀ ṣèlérí pé òun á máa yọjú lóṣooṣù. Ó wá lẹ́ẹ̀mejì. Ìkẹta, ohùn ló fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ó dùn, ó gùn. Wọn ò gbọ́ ọ tán.

Ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ bábà, iṣẹ́ irun gígẹ̀, wà ní gbọ̀ngàn Alágbàká lọ́jọ́ yẹn pẹ̀lú. Ó fi ọ̀gá rẹ̀ sílẹ̀ nínú ọ̀sẹ̀ kan náà. Ọ̀gá rẹ̀ ò wá ẹnikẹ́ni lọ, ó gba òmíràn. Ọ̀kadà ni ọmọkùnrin náà ń gùn báyìí lójú ọ̀nà Ọ̀dà, mo máa ń rí i. Ó ṣì mọ gbogbo ọ̀rọ̀ "ọdún mi nìyí" yẹn lórí.

Bí mo ṣe ń kọ èyí ní ìparí ọdún 2024, fíríìdọ̀mù ọmọ iṣẹ́ Àǹtí bọ́ sí oṣù Kínní 2025. Wọ́n ti ra aṣọ, wọ́n ti ń ṣírò ìrẹsì. Àǹtí fẹ́ pe asọ̀rọ̀ wá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ọkùnrin náà sì ti gbà láìgba owó, àmọ́ Àǹtí ní ọdún mẹ́rin tó fi gbé báàgì kámẹ́rà ni yóò kọ́kọ́ sọ kó tó sọ òmíràn. Ohun tó kù nílẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù. Bàbá ọmọ ti rí ọ̀kan, ìlẹ̀kùn mẹ́ta péré sí ti Àǹtí, owó rẹ̀ ò wọ́n. Àǹtí ní láéláé. Ọmọ náà ní oníbàárà òun ò sí ní Arákalẹ̀ rárá, ẹnu géètì FUTA ni wọ́n wà, kí wọ́n jẹ́ kóun gba àyè níbẹ̀ bó tilẹ̀ wọ́n. Bàbá ní owó ọlọ́dún méjì ti wà nílẹ̀ fún ti Arákalẹ̀, òun ò ní san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ la tún máa jókòó sí i.